Kí Lo Fi Ń Jẹ Àkàrà?

Ẹ sún mọ́bí, ẹ má jẹ́ kí n pariwo, nítorí ògiri ilé yìí létí. Ọ̀rọ̀ Ìyá Alákàrà iwájú ilé wa ni mo fẹ́ sọ. Ẹ̀yin rò pé àkàrà nìkan ló mọ̀. Ó tì o! Obìnrin yẹn mọ ohun tó ń lọ nínú yàrá kálukú wa ju ẹni tó ń gba owó iná lọ, bẹ́ẹ̀ kò wọ yàrá ẹnikẹ́ni rí.

Bí ẹ bá bi alákàrà mìíràn pé irú oníbàárà wo ló ní, á ní àwọn kan ń ra púpọ̀, àwọn kan ń ra díẹ̀. Tiwa ní iye nìkan ò sọ nǹkan kan. Ohun tó bá àkàrà rìn lòun ń wò. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín gbogbo àdúgbò sí: àwọn tó ń kì í bọ inú búrẹ́dì, àwọn tó ń fi mu ògì, àti àwọn tó ń fi mu gààrí.

Ẹ wò ó láàárọ̀. Abọ́ ẹ̀wà lílọ̀ méjì ló máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada rẹ̀. Ọ̀kan ní ata rodo tó ń ta èèyàn nímú. Èkejì, àlùbọ́sà lásán. Bí Bọ̀dá Tẹ́lọ̀ bá yọ, kò ní tíì lanu tí Ìyá Alákàrà á ti gba búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀, á fi ọ̀bẹ là á láàárín, á kó àkàrà gbígbóná sí i, á fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ kí epo lè mu búrẹ́dì dáadáa. Ẹni tó ń sáré bá ọkọ̀ ò ráyè máa tú bébà. Bó bá jẹ́ Ìyá Sikírá ló gbé ike ògì dé, inú abọ́ tí kò láta ni ṣíbí ń lọ, nítorí àwọn ọmọ. Àwọn géńdé yàrá ẹ̀yìn, àwọn onígààrí, èyí tó ti gan nínú epo, tó ń dún kàrà lẹ́nu, ló ń ṣà fún wọn. Àwọn géńdé yìí náà, wọn ò tíì san owó omi oṣù tó kọjá o! Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ ná.

Ní ti búrẹ́dì, Bàbá Lándílọ́ọ̀dù ní ọmọ Jàmáíkà kan, Amos Shackleford, tó gúnlẹ̀ sí Èkó lọ́dún 1913 láti ṣiṣẹ́ rélùweè, ló wá dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ tó sọ ọ́ di ọjà ńlá. Látìgbà tí búrẹ́dì àti àkàrà ti mọra, wọ́n dà bí tọkọtaya: bí ọ̀kan bá ń ṣàìsàn, oúnjẹ ò ní lọ lẹ́nu èkejì.

Ẹ rántí ọdún 2023 tí náírà já wálẹ̀, tí fúláwà gbówó lérí, tí búrẹ́dì di ohun tí à ń fi ojú kí. Àkàrà ò tà mọ́ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Alákàrà òdìkejì títì figbe ta pé àkàrà ti sú aráyé. Ó ń fi èènì kún un fún gbogbo ẹni tó bá rà, títí kan àwọn ológì tí wọn ò dá rírà dúró lọ́jọ́ kan. Ẹni tí kò bèèrè ló ń fún! Tiwa ò pariwo. Ó jókòó, ó wo ẹni tí kò wá mọ́. Àwọn ológì pé, àwọn onígààrí pé, àwọn oníbúrẹ́dì nìkan ló pòórá. Àkàrà òun kọ́ ló ń ṣàìsàn, búrẹ́dì ni. Ó bá pe ọmọ tó ń kiri búrẹ́dì, wọ́n jọ sọ ọ́, ni wọ́n bá ń gé odidi sí méjì tà. Kò pẹ́ tí Bọ̀dá Tẹ́lọ̀ fi padà dé.

Mo sọ ọ́ fún àbúrò mi tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù lórí fóònù. Ó ní àwọn òyìnbó náà ń ṣe é. Lọ́dún 1995 ni Tesco, iléeṣẹ́ ńlá tó ń tajà níbẹ̀, gbé káàdì kan jáde tó ń jẹ́ Clubcard. Bí o bá fi í rajà, wọ́n á ṣe ọ́ lóore díẹ̀, àwọn náà á sì máa wo ohun tó bá ohun rìn nínú apẹ̀rẹ̀ rẹ. Tọkọtaya kan, Clive Humby àti Edwina Dunn, ló ń bá wọn tú u wò nígbà náà. Ìgbà tí wọ́n gbé ohun tí wọ́n rí síwájú Ian MacLaurin tó jẹ́ olórí iléeṣẹ́ náà, ó ní ẹ̀rù ba òun, pé ohun tí wọ́n mọ̀ nípa oníbàárà òun láàárín oṣù 3 ju èyí tí òun mọ̀ ní 30 ọdún lọ. Mo rẹ́rìn-ín títí. Àmèbo ni wọ́n, àmèbo tó ń gbowó oṣù!

Èyí tó wá dùn jù ni ti Bàbá Lándílọ́ọ̀dù. Ìyàwó wọn lọ wẹ ọmọ tuntun fún ọmọ wọn ní Abẹ́òkúta. Bàbá tó jẹ́ pé gààrí ni wọ́n mọ̀, tí wọ́n máa ń ní kí wọ́n dín tàwọn títí á fi le, ṣàdédé gbé ike ògì dání láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní kí wọ́n bu èyí tí kò láta fáwọn. Háà! Ìyá Sikírá fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi: “Obìnrin wà nínú ilé yẹn.” Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti fún obìnrin ọ̀hún lórúkọ, wọ́n ti mọ ìlú bàbá rẹ̀, ó ku ká mú aṣọ ẹbí.

Ìyá Alákàrà ń yí àkàrà nínú epo ní tirẹ̀. Ó ní, “Mẹ́fà ni bàbá ń rà tẹ́lẹ̀, mẹ́fà náà ni wọ́n rà lónìí. Bí àlejò bá wà nílé, àkàrà á pọ̀ sí i. Àkàrà ò pọ̀, ohun tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́ ló yí padà. Eyín ló ń dùn wọ́n.” Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá ti wú, wọ́n ń bèèrè ọ̀nà ilé dókítà eyín lọ́wọ́ wa.

Ni mo bá ní kó sọ ibi tó to èmi sí. Ó ní n kì í ra búrẹ́dì, n kì í mu ògì, gààrí sì máa ń run mí nínú. Ó ní ọ̀rọ̀ ni èmi fi ń jẹ àkàrà. Pé tìtorí mi lòun ṣe gbé bẹ́ǹṣì síbẹ̀: bí mo bá ti jókòó tí mo lanu, ẹni tó yẹ kó ra mẹ́rin kó máa lọ á dúró, á jẹ ẹ́ tán, á tún ra mẹ́rin. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kó yáa máa fún mi ní èènì, ṣebí èmi náà ti di búrẹ́dì rẹ̀.

Ó wò mí títí. Ó ní, “Èènì kẹ̀? Ìròyìn tí ò ń sọ lórí bẹ́ǹṣì mi, ọwọ́ ta lo ti ń gbà á?”