Ó Ku Fíníṣìn Díẹ̀

Ẹni tí mò ń wí yìí pọ̀ ní Kumasi. Ó wà ní Ayeduase níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì KNUST ń gbé, ó wà ní Bantama, ó wà ní Tafo. Ó pọ̀ láàárín àwọn ọmọ Ashanti, ó sì pọ̀ láàárín àwa tí wọ́n ń pè ní Alata, tí àwọn bàbá wa ti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ẹ̀jìgbò wá. Ọkùnrin ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ọjọ́ orí rẹ̀ ń lọ sí 30, ó níṣẹ́ díẹ̀, ó ní dátà púpọ̀. Ìhámọ́ra ló ń ṣe, irú èyí tí àwọn jagunjagun inú sinimá máa ń gbé wọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ja ogun láàárín ìràwọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe é. Kò sẹ́ni tó tíì rí i kó wọ̀ ọ́.

Ẹ wọ yàrá rẹ̀ wò. Akoto wà lórí tẹlifíṣọ̀n, kò lójú. Ìgbàyà wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, láàárín ṣẹ́ẹ̀tì ìsìn àti táwẹ́ẹ̀lì. Ẹsẹ̀ òsì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kò tíì délé ayé. Akoto yẹn, ti Iron Man ni, torí fíìmù yẹn ló wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ti The Mandalorian ni ìgbàyà, torí nígbà tí ìyẹn jáde ní 2019, ọkàn rẹ̀ yí padà. Ti ta ni ẹsẹ̀ òsì? Ẹ má bi í, inú á bí i.

Fóòmù EVA ni wọ́n fi ń ṣe nǹkan wọ̀nyí, ẹbí fóòmù tó wà lábẹ́ bàtà àti nínú ẹní alábala tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ ọwọ́. Mo dárúkọ ẹní ọmọ ọwọ́ torí pé mo mọ ibi tí ìgbàyà yẹn ti wá. Ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ni ín. Orí símẹ́ńtì lásán ni ọmọ náà ti ń rá báyìí, torí bọ̀ọ̀dá ìyá rẹ̀ ń múra ogun ojú sánmà. Dráyà tí àbúrò yẹn fi ń gbẹ irun oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù náà ló fi mú fóòmù gbóná kó lè tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ. Dráyà irun kò gbóná tó iṣẹ́ yẹn. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí dráyà fi jó. Yóò ra òmíràn fún un, ó ní, tí òun bá ti parí fíníṣìn.

Fíníṣìn! Ẹ jẹ́ kí n dúró síbí yìí dáadáa, torí ibi tó ń dùn mí nìyí. Ẹ bi í ní January pé báwo ni ìhámọ́ra: “Ó ku fíníṣìn díẹ̀.” Ẹ bi í nígbà ọdún Àjíǹde: “Ó ku fíníṣìn díẹ̀.” Ẹ jẹ́ kí ọdún yípo, kí ẹ pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà ọjà Kejetia, kẹ́ ẹ má tilẹ̀ bi í rárá, ó ti sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó dúró. “Díẹ̀” yẹn ni mo kórìíra jù. Káfíńtà tó bá ní ó ku díẹ̀, ẹ̀yin náà á rí i pé ilẹ̀kùn ló kù. Ti ẹni yìí, ara kan, apá méjì, ẹsẹ̀ kan, ojú méjì, okùn gbogbo àti ọ̀dà ló ń jẹ́ díẹ̀.

Kò sì sí ohun tí kì í dí fíníṣìn rẹ̀ lọ́wọ́. Láti April títí wọ July, òjò ni: afẹ́fẹ́ tutù jù, ọ̀dà sípíréè yóò funfun kó tó gbẹ. Òótọ́ ni o, ọ̀dà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rinrin bá pọ̀, ìdí nìyẹn tí irọ́ náà fi ń pẹ́ láyé. August, òjò dá díẹ̀, àmọ́ wọ́n mú iná lọ, dumsor ni. September sí October, òjò kejì. November, ó ń ran ọ̀rẹ́ kan lọ́wọ́ níbi ìsìnkú, ẹ sì mọ bí ìsìnkú ṣe rí nílẹ̀ Ashanti. December, ọyẹ́ dé, eruku á lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù. January, owó ti bá ọdún lọ. February àti March, ooru mú, gọ́ọ̀mù ṣúmékà tó fi lẹ oríkèé fóòmù ń rọ̀. Kò sí oṣù kan nínú èyí tí Elédùmarè dá tó yẹ fún kíkun akoto. Inú oṣù wọ̀nyí kan náà, ní ìlú kan náà, ni wọ́n ti ń kun mọ́tò ní Suame Magazine láràárọ̀.

Kí ni fíníṣìn ọ̀hún gan-an? Kì í ṣe awo. Ẹ ó kọ́kọ́ fi ooru ra ojú fóòmù kí ihò ara rẹ̀ pa dé. Ẹ ó fi gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà kùn ún ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kí fóòmù má baà mu ọ̀dà. Ẹ ó dí ojú àlẹ̀mọ́, ẹ ó fi sáńpépà gbo ó, 120, lẹ́yìn náà 240, lẹ́yìn náà 400. Ẹ ó wá fọ́n prímà eléérú sí i. Lẹ́yìn prímà ni ọ̀dà, lẹ́yìn ọ̀dà ni okùn àti ìdè, ihò afẹ́fẹ́ nínú akoto, àti ọ̀nà tí èèyàn máa fi tọ̀ láìjẹ́ pé ó tú gbogbo ara palẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni fún ẹni tó jókòó tì í.

Prímà ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́. Nígbà tí fóòmù bá ṣì dúdú, tó ní àmì bírò àti àlẹ̀mọ́ aláwọ̀ kọ̀ọ̀kan lára, ojú kì í rí àṣìṣe rẹ̀. Ẹ fọ́n eérú kan ṣoṣo yẹn sí i, gbogbo ibi tí ọ̀bẹ ti yẹ̀, gbogbo ibi tí etí kan ga ju èkejì lọ, á yọ síta. Ibẹ̀ ni ọkùnrin wa máa ń dúró. Ó ti ra ìgò prímà náà. Ó wà lójú fèrèsé, ìdérí rẹ̀ kò tíì ṣí. Dípò kó fọ́n ọn, á tún mú sáńpépà. Á máa gbo etí akoto kan náà ní agogo méjì òru, á máa gbo ó, ibì kan lára rẹ̀ ti ń tín-ín-rín débi pé iná bọ́ọ̀bù ń hàn gba ibẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní ọ̀lẹ. Ọ̀lẹ ti sùn nírú àkókò yẹn. Agbéraga ni. Iṣẹ́ tí kò parí, ta ló lè sọ pé kò dáa?

Ẹ wá wo bí ó ṣe ń ṣe sí iṣẹ́ ẹni tó parí. Ní Kumasi níbí, níbi tí wọ́n ti ń ṣe sinimá Kumawood, olùdarí kan tí wọ́n ń pè ní Ninja ṣe fíìmù kan ní 2010, ó pè é ní 2016: àwọn ẹ̀dá abàmì láti òde ayé gbógun wọ Ghana. Ìpolówó fíìmù náà kárí ayé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ayé sì rẹ́rìn-ín, torí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ rí wúruwùru. Ọ̀rẹ́ wa náà rẹ́rìn-ín. Títí di òní, tí wọ́n bá dárúkọ fíìmù náà, ẹ̀rín rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ bú. Àmọ́ Ninja yàwòrán, ó gé e, ó gbé e jáde, ó sì tún ṣe òmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Kwadwo Safo, ẹni tó dá ìjọ Kristo Asafo sílẹ̀, tó kó róbọ́ọ̀tì àti àwọn ẹ̀rọ tí èèyàn ń gbé wọ̀ síta fún gbogbo ayé wò. Ẹ fẹ́ fi ṣẹ̀fẹ̀? Ẹ fi ṣẹ̀fẹ̀. Ó kó o síta.

Ọmọkùnrin oníṣẹ́ bọ́ḿpà kan wà ní apá Suame tó gé bọ́ḿpà mọ́tò tó fọ́, tó so ó pọ̀ mọ́ páànù, tó kun ún ní ọ̀dà tó ṣẹ́kù lára táàsì, tó gbé e wọ̀ lọ síbi ọjọ́ ìbí àwọn ọmọdé. Wọ́n sanwó fún un. Nígbà tí ọ̀rẹ́ wa rí fọ́tò rẹ̀, ó fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù, ó wo abẹ́ apá, ó ní: “Ojú àlẹ̀mọ́ ń hàn. Kò fi prímà.” Ẹnu ta nìyẹn ti jáde!

Tí ẹ bá fẹ́ rí i bí inú rẹ̀ ṣe máa ń dùn, ẹ dárúkọ Bọ́lájí Badéjọ. Ọ̀rọ̀ Badéjọ kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Èkó ní 1953, tí ó ga gan-an, tó sì tín-ín-rín, tí wọ́n rí nínú ilé ọtí kan ní London, tí wọ́n sì fi ṣe ẹ̀dá abàmì inú Alien, fíìmù Ridley Scott ti 1979. “Ọmọ wa ló wà nínú ẹ̀!” Á tún fi John Boyega lé e, ọmọ Yorùbá ìlú London tó wọ ìhámọ́ra funfun nínú Star Wars ní 2015. Á sọ ọ́ bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ ìran ni wọ́n fi ń kun fóòmù. Ohun tí kì í sọ ni pé Badéjọ kọ́ bí èèyàn ṣe ń rìn bí ẹ̀dá abàmì, ó sì fara da aṣọ rọ́bà tó le koko. Ìrù aṣọ yẹn kò jẹ́ kó lè jókòó, wọ́n ní láti so jangirọ́fà kan fún un láàárín ìyàwòrán. Wọ́n ti mọ ọjọ́ tí kámẹ́rà máa yí. Aṣọ ní láti wà nílẹ̀.

Ọjọ́ ni ọ̀rẹ́ wa ń sá fún. Ní Takoradi, ìyẹn ìlú etí òkun ní Ghana níbí kan náà, àwọn ẹgbẹ́ eléégún tí wọ́n ń pè ní kakamotobi máa ń jáde nígbà Kérésìmesì pẹ̀lú ojú aláràbarà àti aṣọ tí wọ́n fi oṣù púpọ̀ rán, lọ́dọọdún, yálà ọyẹ́ wà tàbí kò sí. Lọ́dọ̀ tiwa ńlé, bí ọdún egúngún bá pé, agọ̀ ti wà lára. Mi ò tíì gbọ́ eégún tó ránṣẹ́ sọ́jà pé kí wọ́n ní sùúrù, ó ku ìgbátí.

Tó bá jẹ́ Alata bíi tiwa, àwọn bàbá àgbà rẹ̀ náà mọ ohun tó ń jẹ́ ọjọ́. Ní November 1969, ìjọba Busia ti Ghana ní kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a láàárín ọjọ́ 14 tàbí kó máa lọ. Ọjọ́ 14! Wọ́n ta ọjà tó ṣeé tà, wọ́n fi èyí tí kò ṣeé tà sílẹ̀, wọ́n di ẹrù ogún ọdún, wọ́n kó aya àti ọmọ sínú ọkọ̀, wọ́n dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ-ọmọ wọn tó padà wá kò tíì rí ẹsẹ̀ ọ̀tún.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an, èmi á sọ ọ́: Kejetia lọ́sàn-án Sátidé. Kó gbé e wọ̀, kó jáde, kí ìyá alátà kan wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, kí ó bú sẹ́rìn-ín, kí àwọn ọmọdé tẹ̀ lé e, kí wọ́n máa ké “kakamotobi!” Kò lè fara dà á. Ó wù ú kó jẹ́ akọni láàárín ìràwọ̀, àmọ́ ẹ̀rín obìnrin alátà kan ti ṣẹ́gun rẹ̀ láìtíì rín in.

Tí ó bá wá yá owó ọ̀dà lọ́wọ́ yín, ẹ má fún un. Ẹ bá a délé, ẹ mú prímà tó wà lójú fèrèsé yẹn, ẹ ṣí i, ẹ fọ́n ọn sí akoto náà lójú rẹ̀, kí ẹ sì pe àwọn ọmọ àdúgbò wá wò ó.