Ìkòkò Funfun, Ẹ̀kọ Dúdú

Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí kò tíì dé ọjà ọ̀kadà àlòkù ni. Ìkòkò ló ń funfun níbẹ̀. Wọ́n á fọ́n ọ̀dà sílífà sí ẹ́ńjìn lára, wọ́n á lẹ sítíkà tuntun mọ́ táǹkì, wọ́n á tún fi ọ̀rá bo ìjókòó. Oníbàárà á yí i po, á fọwọ́ pa táǹkì, á tẹ fèrè wò, pee! Ó ti yẹ ẹ́ńjìn wò nìyẹn.

Bí ọ̀rẹ́ mi kan ṣe ra Honda CG 125 tirẹ̀ nìyẹn. Ọdún 1976 ni Honda gbé irú ẹ̀rọ yìí jáde, nítorí àwa tí a kì í tọ́jú nǹkan ni wọ́n sì ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀. Wọn ò fi ṣéènì yí kámù lókè. Ọ̀pá irin gbọọrọ ló ń ti fáàfù láti ìsàlẹ̀, kí ohun tó lè dààmú ẹni lè dín kù. Gbogbo ìwà wa ni wọ́n rò tán. Gọ́ọ̀mù ni wọn ò rò.

Nígbà tí èéfín búlúù pọ̀ jù, ẹni tó tà á ní ọ́ìlì tuntun ló fà á, pé á dá tó bá yá. Kò dá. Mẹkáníìkì tú u. Gọ́ọ̀mù pupa ló wà níbi tó yẹ kí gásíkẹ́ẹ̀tì wà, èyí tó ṣẹ́ kù ti já sínú ọ́ìlì, ó lọ dí asẹ́ ìsàlẹ̀ pa, ọ́ìlì ò sì gòkè mọ́. Rínǹgì pístìn ní àmì tó gbọ́dọ̀ kọjú sókè. Ilẹ̀ ni tiwọn ń wò. Ẹnu rínǹgì kò gbọdọ̀ ṣe déédéé ara wọn. Ojú kan náà ni wọ́n to gbogbo rẹ̀ sí.

Ọmọ iṣẹ́ ló rí èyí tó wù mí jù. Ó ki sípánà bọ bóòtù kan, kò tíì yí i tó fi já lé e lọ́wọ́. Orí bóòtù lásán ni. Bóòtù ti kán sínú ihò tipẹ́, wọ́n wá fi gọ́ọ̀mù lẹ orí rẹ̀ padà kí ojú má baà rí àlàfo.

“Ẹni tó ṣe èyí gbọ́n o,” ni ọ̀gá wí. “Ká ní ó fi ọgbọ́n yẹn kọ́ṣẹ́ ni.”

Èmi ò lè bú ẹni yẹn tán. Ta ló ń sanwó gásíkẹ́ẹ̀tì tí ojú ò rí? Ó mọ ibi tí ojú wa ń dé, ó sì ṣiṣẹ́ débẹ̀ láìfi ohunkóhun sílẹ̀.

Ọ̀gá kọ iye owó sílẹ̀: rínǹgì, bóòtù, gásíkẹ́ẹ̀tì odindi. Ọ̀rẹ́ mi ka ìwé náà títí, ó họrí.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ti gásíkẹ́ẹ̀tì yìí, ṣé a ò lè fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ mánéèjì ẹ̀?”