Ẹ Ṣàánú Ọlọ́kọ̀ Asárétete

Bí ènìyàn bá jókòó ti ọ̀rọ̀ ayé yìí, tí ó sì fara balẹ̀ ro ẹni tí àánú rẹ̀ yẹ kí ó ṣe wá jù lọ nínú gbogbo àwọn tí ìyà ń jẹ ní sànmánì tiwa, ọkàn rẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ opó, yóò lọ sọ́dọ̀ ọmọ òrukàn, yóò sì lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ tí owó oṣù rẹ̀ kì í bá a dé ogúnjọ́. Ṣùgbọ́n èmi bẹ ẹ̀yin òǹkàwé mi pé kí ẹ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú omijé yín fún òtòṣì kan tí ẹnikẹ́ni kì í rántí nínú àdúrà, èyíinì ni ọkùnrin tí ó ra Ferrari tàbí Lamborghini, tí ó ka iye owó tí a fi lè kọ́ ilé-ìwé tòun ti òrùlé rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ó tà á, tí ìjọba sì wá sọ fún un pé kí ó máa rọra rìn.

Ẹ wo ohun tí ó rà ná, kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Ó ra arẹwà pẹlẹbẹ tí ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbá ilẹ̀, aké-ramúramù tí ń lé ewúrẹ́ wọgbó kí ó tó yọ ní kọ̀rọ̀, oníjòókòó méjì tí kò ní àyè fún ìyá ọkọ, tí kò sì ní àyè fún ìyá ìyàwó, amu-bẹntiróòlù-má-yó, ọmọ Maranello, ọmọ Sant'Agata, àwọn tí a bí ní ilẹ̀ Ítálì tí olúkúlùkù sì ń jẹ́ orúkọ bàbá tí ó bí i. Ó lè sá ju 300 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Ṣùgbọ́n bí onítọ̀hún bá wà á dé ojú ọ̀nà márosẹ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà, òfin ní kò gbọdọ̀ kọjá 100. Bí ó bá sì wọ inú ìlú, òfin ní 50 ni ìpín tirẹ̀. Ọkùnrin náà ra odindi màlúù, wọ́n ní ìrù nìkan ni kí ó máa jẹ. Bí èyí kì í bá ṣe ìyà, a jẹ́ pé a kò tíì mọ ohun tí à ń pè ní ìyà.

Ní Ìlú Ọba, níbi tí kámẹ́rà ti ń ṣọ́ ojú pópó tọ̀sán-tòru tí kì í tòògbé, tí kì í sì í gbọ́ "ẹ dákun, ẹ ṣàánú mi", ẹni tí ó bá sáré kọjá ààlà yóò rí ìwé gbà nílé: £100 ni owó ìtanràn, àmì ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́ta yóò sì wọ inú ìwé ìwakọ̀ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ọmọ Yorùbá tí ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ ní Peckham, tí ó fi ẹsẹ̀ tẹ iná díẹ̀ kí ó lè bá àwọn ọmọ rẹ̀ nílé kí wọ́n tó lọ sí ilé-ìwé, £100 ni yóò san. Olówó tí ọkọ̀ rẹ̀ ń bú ramúramù yí Knightsbridge ká nítorí pé kò sí ibì kan tí ó ń lọ, £100 ni òun náà yóò san. Òfin kò ṣe ojúsàájú rárá! Ṣùgbọ́n iye tí ó jẹ́ oúnjẹ ilé nọ́ọ̀sì ni olówó yìí ń fi ta ẹni tí ó bá a ṣí ilẹ̀kùn hòtẹ́ẹ̀lì lọ́rẹ, ojú tí ó sì ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kí ó bẹ̀rù. Bí ọ̀ràn náà bá tilẹ̀ dé kóòtù, tí adájọ́ fẹ́ wo iye tí ń wọlé fún un kí ó tó dájọ́, òfin ti fi àjà lé owó ìtanràn náà lórí, kò lè ga ju £1,000 lọ ní ọ̀pọ̀ ọ̀nà, tàbí £2,500 ní ojú ọ̀nà márosẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìtanràn ṣe di owó oníbodè lọ́wọ́ ọlọ́rọ̀: ó san án, ó kọjá, nígbà tí ó bá sì ń padà bọ̀ ó tún san án.

Àmì ẹ̀ṣẹ̀ nìkan ni owó kò rí rà, nítorí pé àmì 12 láàrin ọdún mẹ́ta a máa gba ìwé ìwakọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn fún oṣù mẹ́fà, ìbáà jẹ́ ọlọ́jà, ìbáà jẹ́ ìjòyè. Níhìn-ín ni ẹ ó ti rí i pé olówó náà mọ ẹ̀rù í bà. Ní 2003, kámẹ́rà mú ọkọ̀ Chris Huhne, olóṣèlú ọmọ Ìlú Ọba, lójú ọ̀nà M11, àmì sì ti pọ̀ nínú ìwé ọkùnrin náà. Ni ìyàwó rẹ̀ ìgbà náà, Vicky Pryce, bá gba ẹ̀ṣẹ̀ náà rù, ó ní òun ni òun wà nídìí ọkọ̀. Ọdún ń gorí ọdún, Huhne di mínísítà, ìgbéyàwó tú, àṣírí sì tú tẹ̀lé e, títí ó fi di oṣù kẹta ọdún 2013 tí adájọ́ fi àwọn méjèèjì ránṣẹ́ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́jọ mẹ́jọ: ohun tí ó bá ojú ni ó bá imú. Èyí tí ó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ní ọdún 2003 yẹn kan náà, kò pẹ́ tí ìyàwó gba àmì náà tán ni wọ́n gba ìwé ìwakọ̀ lọ́wọ́ ọkọ, nítorí pé wọ́n bá a níbi tí ó ti ń wa ọkọ̀ tí ó sì ń fi fóònù sọ̀rọ̀.

Fóònù yìí ní nǹkan í ṣe pẹ̀lú àwọn ẹni ńlá. David Beckham, àrẹ̀mọ bọ́ọ̀lù, ẹlẹ́sẹ̀ ọ̀tún tí ń tẹ bọ́ọ̀lù kọrọdọ wọ àwọ̀n, wa Bentley kan ní London ní oṣù kìíní 2018, kámẹ́rà sì ká a mọ́ máìlì 59 níbi tí 40 jẹ́ òpin. Agbẹjọ́rò rẹ̀, Nick Freeman, ẹni tí àwọn oníwèé ìròyìn ń pè ní Ọ̀gbẹ́ni Ihò-Inú-Òfin, kò tilẹ̀ jiyàn eré. Ó kàn fi ọwọ́ ka ọjọ́ ni, ó sì rí i pé òfin fún ìwé ẹ̀sùn ní ọjọ́ 14 láti dé, ìwé náà sì fi ọjọ́ kan pẹ́. Wọ́n dá Beckham sílẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, kóòtù mìíràn gba ìwé ìwakọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà nítorí fóònù tí ó ń tẹ̀ nídìí ọkọ̀. Ó yẹrí fún ọ̀kọ̀, ó bọ́ sẹ́nu ọfà.

Àwọn ará Fínláǹdì ní tiwọn kò fi ìyà ọlọ́rọ̀ sílẹ̀ fún fóònù. Láti 1921 ni òfin wọn ti ń fi ọjọ́ ka owó ìtanràn: bí ẹ̀ṣẹ̀ bá ṣe wúwo tó ni ọjọ́ yóò ṣe pọ̀ tó, owó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan yóò sì bá iye tí ń wọlé fún ẹlẹ́ṣẹ̀ mu. Ọlọ́pàá kàn ń ṣí ìwé owó-orí wò ni, kí onítọ̀hún sì tó bẹ̀bẹ̀ tán, gbogbo ohun tí ó jẹ lọ́dún tí ó kọjá ti wà ní gbangba. Jussi Salonoja, ọmọ tí ó jogún ilé-iṣẹ́ sọ́séèjì, sá 80 kìlómítà ní Helsinki níbi tí òfin ti ní 40. Ní 2004 wọ́n bu €170,000 lé e. Ní 2023, Anders Wiklöf, bàbá olówó erékùṣù Åland, sá 82 níbi tí ó yẹ kí ó ti sá 50, wọ́n sì gba €121,000 lọ́wọ́ rẹ̀, kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Bàbá náà ní òun kábàámọ̀, ó sì ní ìfẹ́ inú òun ni pé kí wọ́n fi owó náà tọ́jú aláìsàn. Ẹ gbọ́ bí ìwà pẹ̀lẹ́ ṣe ń ti ẹnu ènìyàn jáde nígbà tí wọ́n bá fọwọ́ bà á níbi tí ó ti ń dùn ún!

Swítsáláńdì náà kò gbẹ́yìn, nítorí pé ní 2010 wọ́n gba fránkì 299,000 lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ Ferrari Testarossa pupa kan tí ó gba inú abúlé kan kọjá ní 137 níbi tí 80 jẹ́ òpin, adájọ́ sì wo ìwọ̀n ọrọ̀ rẹ̀ kí ó tó ka owó. Àwọn ará Dẹ́nmáàkì kò fẹ́ ìṣirò kankan ní tiwọn. Láti 2021, ẹni tí ó bá sá tó 200 kìlómítà lójú ọ̀nà wọn, ọkọ̀ náà gan-an ni wọn yóò gbà, ìbáà jẹ́ tirẹ̀, ìbáà jẹ́ ọkọ̀ tí ó yá. Ọkùnrin kan tí ń gbé ní Nọ́wè lọ ra Lamborghini Huracán ní Jámánì ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ó sì ń wà á lọ sílé. Dẹ́nmáàkì ni ó gbà kọjá, wọ́n bá a lórí 236 níbi tí 130 jẹ́ òpin, wọ́n sì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọkọ̀ náà tó sùn mọ́jú kan ṣoṣo ní ilé olówó rẹ̀. Ẹ rí i pé kì í ṣe àsọdùn nígbà tí mo ní kí ẹ sunkún.

Nàìjíríà nìkan ni a ti mọ bí a ti ń tọ́jú ẹni tí Ọlọ́run bù kún. Ní 1988 ni ìjọba dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì ni alága àkọ́kọ́ ìgbìmọ̀ tí ń darí rẹ̀. Ìlànà tí ó wà lákọsílẹ̀ ní ẹni tí ó bá sá ju ìwọ̀n lọ yóò san ₦3,000. Ọlọ́kọ̀ dánfó tí ó bá san iye yìí ti pàdánù oúnjẹ ilé rẹ̀ ọjọ́ náà; ọlọ́kọ̀ asárétete tí ó bá san án kò tíì san tó owó ọṣẹ tí wọ́n fi ń wẹ ọkọ̀ rẹ̀. Bí kì í bá ṣe ọpẹ́lọpẹ́ kòtò ojú ọ̀nà, kí ni ì bá dá irú wọn dúró? Kòtò ni ẹ̀ṣọ́ tí ó lóòótọ́ jù lọ ní ilẹ̀ wa: kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, kò mọ ọmọ gómìnà yàtọ̀ sí ọmọ alákàrà, ọ̀sán àti òru ni ó sì ń dúró lẹ́nu iṣẹ́ láìgba owó oṣù. Ẹni tí ó bá fi ikùn pẹlẹbẹ wọ inú rẹ̀ yóò fúnra rẹ̀ jáde, yóò bẹ̀rẹ̀, yóò wo abẹ́ ọkọ̀, kò sì ní rántí béèrè lọ́wọ́ kòtò bí ó bá mọ ẹni tí òun ń ṣe.

Àwọn ọlọ́gbọ́n kan nínú wa ti ń wí pé kí a kúkú mú òfin Fínláǹdì wálé. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Òfin Fínláǹdì dúró lórí ìwé owó-orí, ìwé owó-orí ilẹ̀ tiwa sì ní ìtàn tirẹ̀. Olùkọ́ ni ìjọba mọ owó rẹ̀ dé kọ́bọ̀, nítorí pé wọ́n ti yọ tiwọn kí ó tó fojú kan èyí tí ó kù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣí ìwé gbajúmọ̀ tí ó ní Lamborghini mẹ́ta, ó lè jẹ́ pé àánú rẹ̀ ni yóò ṣe yín, tí ẹ ó sì máa wá ohun tí ẹ ó fi ta á lọ́rẹ. Bí a bá mú òfin náà wálé ní àárọ̀, kí ó tó di ìrọ̀lẹ́ olùkọ́ tí ó gun alùpùpù ni yóò máa san ìtanràn tí ó pọ̀ jù, tí gbajúmọ̀ yóò sì gba ṣéńjì.

Nítorí náà ni mo ṣe gbé àbá tèmi kalẹ̀ fún àwọn aṣòfin wa, ó sì rọrùn débi pé kò nílò ìwé owó-orí, kò nílò kọ̀ǹpútà, kò sì nílò ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́tàlá tí yóò lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ní òkè òkun. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sáré ju ìwọ̀n lọ, kí ó san iye owó táyà tuntun kan irú èyí tí ọkọ̀ rẹ̀ ń lò. Olówó lè fi owó rẹ̀ pamọ́ fún ìjọba, ṣùgbọ́n ta ni ó ra ọkọ̀ asárétete láti fi pamọ́? Ọlọ́kàdà yóò san ti ọ̀kadà, ọlọ́kọ̀ dánfó yóò san ti dánfó, ọmọ Maranello yóò sì san táyà tí wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé wá. Bí ó bá sá ìlọ́po méjì ìwọ̀n, kí ó san mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Bí eré náà bá dùn tó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, a ó mọ̀ ọ́n nípa bí yóò ṣe máa sanwó.

Mo mọ̀ pé wọn yóò wá àwáwí. Ọ̀kan yóò ní ọkọ̀ náà kì í ṣe tòun, ti ilé-iṣẹ́ òun ni. Òmíràn yóò ní ti ọ̀rẹ́ òun tí ó wà ní Dubai ni. Ẹni kẹta yóò ti ìyàwó rẹ̀ síwájú, nítorí pé kò tíì gbọ́ ìtàn Huhne. Fún gbogbo wọn, kí a yá òfin Dẹ́nmáàkì lò: ọkọ̀ yóò wà ní àgọ́ ọlọ́pàá títí olówó rẹ̀ yóò fi yọjú, yóò sì mú rìsíìtì dání, níbi tí àwọn agbowó-orí náà yóò ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí wọn yóò máa kí i káàbọ̀. Ó dá mi lójú pé lọ́jọ́ tí àbá yìí bá wọ ilé ìgbìmọ̀, àwọn ọlọ́kọ̀ asárétete ni yóò kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà, tí wọn yóò máa pariwo pé iye kan náà ni kí olówó àti tálákà máa san, nítorí pé ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wa lójú òfin. Lọ́jọ́ tí à ń pín ọrọ̀ ilẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn.