Oríkì Fèrè Tí Kò Lẹ́nu

Fèrè inú kọ̀ǹpútà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja!
Afọnfèrè-má-mí,
Ajẹ-dísìkì-má-yó,
Ọkọ gbogbo kíbọ́ọ̀dù tó wà ní sítúdíò!

Fèrè ide ní bọ́tìnnì mẹ́ta,
ẹni tó ń fọn ọ́n á fún ètè pọ̀, á fi ikùn tì í,
ètè á wú, omi èémí á gbára jọ sínú irin,
á gbọ̀n ọ́n dà sílẹ̀ kó tó tún gbé e sẹ́nu.
Ìwọ ò létè, kí ni yóò wú?
O ò mí rí láyé, omi wo ni yóò kán sórí kápẹ́ẹ̀tì onílé?
Ọmọ ọlọ́lá, ìyà ò ní jẹ ọ́!

Ọ̀rẹ́ ọ̀gá tí kò fẹ́ sanwó!
O kì í gba àsansílẹ̀,
o kì í bi wọ́n léèrè owó ọkọ̀,
o kì í wo abọ́ ìrẹsì lójú òde,
o kì í jà sí owó tí wọ́n ná mọ́ ẹgbẹ́ lórí.
Ìka kan tẹ̀ ọ́, afọnfèrè mẹ́rin ké lẹ́ẹ̀kan náà,
àwọn mẹ́rin tí ìbá gbowó wà nílé, wọ́n ń wo òrùlé.

Abìnú-ní-nọ́ńbà!
Láti 1983 tí MIDI, èdè tí kíbọ́ọ̀dù fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, ti dé,
1 dé 127 ni wọ́n fi ń wọn bí ìka ṣe le tó.
Wọ́n rọra tẹ̀ ọ́, o sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́;
wọ́n kàn ọ́ ní 127, o bú ramúramù.
Akíkanjú! Àfi kí NẸ́PÀ má mú iná lọ.

Ṣùgbọ́n a kì í kì ẹni ká má dárúkọ bàbá ẹni.
Ọmọ ta ni ọ́?
Afọnfèrè kan ló dúró níwájú máìkì,
ó fọn ohùn kan jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó fọn ọ́n kíkankíkan,
ó tún ohùn kan náà fọn, ó tún un fọn,
kí etí má baà mọ̀ pé ẹ̀rọ ló ń pàdà sọ ohun tó ti sọ.
Ó fọn gbogbo rẹ̀ tán, ó kó fèrè sápò, ó relé.
Èémí rẹ̀ lo ń ná títí dòní,
Aláràn-án-àyálò tó ń yan!

Nínú ẹgbẹ́ Victor Ọláìyá, ògbóǹtarìgì afọnfèrè, ni Fẹlá ti kọrin
kó tó gba London lọ kọ́ orin ní 1958.
Ọláìyá kú ní 2020, àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ kò parun.
Kábíyèsí, ta ló ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ tìrẹ?

Ẹ̀yin olórin, ẹ fi í dán orin wò, ẹ̀ṣẹ̀ kọ́.
Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gba orin náà sílẹ̀ fáráyé,
ẹ pe ẹni tó ní ètè, kí ẹ sì sanwó rẹ̀ kó tó relé.