Ìyà Àgbébọ̀ Lórí Adìẹ Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà

Ẹ̀yin ará wa ní Peckham àti níbi gbogbo tí Yorùbá wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yin tí dókítà ní kẹ́ ẹ dín ọ̀rá jíjẹ kù, tẹ́ ẹ wá sọ àyà adìẹ tí kò léegun di oúnjẹ alẹ́, ẹ kú ìyà o. Mo ti rí i lórí àwo yín. Mo fi fọ́ọ̀kì gún un, fọ́ọ̀kì ló tẹ̀. Wọ́n ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Èyí tó wà nínú ófùn yín kò níyẹ̀ẹ́, kò láwọ, gbogbo ilé ló ń wò ó bó ṣe làágùn títí omi ara rẹ̀ fi tán. Síbẹ̀, ẹ ní kó dúró díẹ̀ sí i, pé ẹ̀jẹ̀ lè wà nínú rẹ̀.

Mo mọ ibi tọ́rọ̀ ti wá. Àgbébọ̀ ni ìyá yín fi kọ́ yín ní ọbẹ̀ sísè. Àgbébọ̀ kì í ṣe ẹran eré. Ó ti yé ẹyin ju ọdún kan lọ kí wọ́n tó gbé e wá sọ́jà, ara rẹ̀ ti yi, ojú rẹ̀ ti rí nǹkan. Ẹ ní láti bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ dín in, kẹ́ ẹ tún jù ú sínú ọbẹ̀ ata, kó tó gbà pé òun ti kú. Ìyẹn yé wa. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ adìẹ tí wọ́n ń tà fún yín ní súpámákẹ́ẹ̀tì, ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí méje péré ni wọ́n lò láyé. Kò yé ẹyin kan rí. Kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Ẹ wá mú àyà rẹ̀, ibi tí kò lọ́ràá, tí kò léegun, tí kò ní alágbàwí kankan, ẹ bọ̀ ọ́ fún ìdajì wákàtí, ẹ tún tì í mọ́ ófùn fún odidi wákàtí kan. Kí lọmọ ọlọ́mọ ṣe?

Ìyẹn tí ófùn bá ṣófo o. Nílé tiwa, sítọ́ọ̀ ni ófùn. Páànù tí wọ́n fi ń dín dòdò wà níbẹ̀, ìkòkò ìnáwó tó tẹ̀ lé wa wá láti Ìbàdàn wà níbẹ̀, ìdérí tí ìkòkò rẹ̀ ti sọnù náà wà níbẹ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá tan iná láìyẹ inú rẹ̀ wò, rọ́bà tó bá wà níbẹ̀ á yọ́, àwọn aládùúgbò á pe panápaná.

Ẹ wá wo ti ìwẹ̀. Láti ọdún 2014 ni àjọ tó ń mójú tó ààbò oúnjẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń pariwo pé ká yé fọ adìẹ tútù, nítorí kòkòrò àìrí kan tó ń jẹ́ Campylobacter, tó ń fa inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru, máa ń bá omi ta sára síńkì, sára àwo, sára aṣọ. Iná ló ń pa á, omi kì í pa á. Ẹ gbọ́? Ẹ ò gbọ́. Ẹ da iyọ̀ sí i, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ẹ fi omi mẹ́ta ṣan án. Ọmọ tuntun kì í rí irú ìwẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìyá àgbà.

Kẹ́ ẹ má sọ pé mo kàn ń bú yín, ọ̀nà tó rọrùn rèé. Àyà adìẹ nípọn lápá kan, ó tín-ínrín lápá kejì. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbẹ́ kan fi ń gbẹ kí ìkejì tó jinná. Ẹ fi náílọ̀nù bò ó, ẹ fi ọmọ odó lù ú jẹ́jẹ́ kó dọ́gba. Jẹ́jẹ́ ni mo wí, kì í ṣe iyán. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ fún ìdajì wákàtí kó lè di omi ara rẹ̀ mú, kẹ́ ẹ sì nù ún gbẹ. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kó fo ti iyọ̀ yẹn, kó fi yógọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà àti kọ́rì pa á mọ́jú. Òróró ṣíbí kan, aáyù, atalẹ̀, táìmù, ata gbígbẹ, ó tán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sá fún iyọ̀, tẹ́ ẹ wá rún máàgì mẹ́rin sí i, kí lẹ rò pé wọ́n fi ṣe máàgì?

Ẹ jẹ́ kí ófùn gbóná dé 200°C kẹ́ ẹ tó gbé e wọlé, kẹ́ ẹ to tàtàṣé àti alùbọ́sà yí i ká. Ìṣẹ́jú 20 sí 25 ti tó. Ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú 5 kẹ́ ẹ tó gé e, kí omi rẹ̀ má baà ṣàn dànù.

Oúnjẹ gidi ni o. Gíráàmù 100 rẹ̀ ní nǹkan bíi gíráàmù 31 èròjà amáradàgbà, ọ̀rá inú rẹ̀ kò tó gíráàmù 4. Ṣùgbọ́n kí lẹ fi ń jẹ ẹ́? Bọ̀ọ̀dá wa kan ya fọ́tò àyà adìẹ kan ṣoṣo ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí, wọ́n ní àwọn ti ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ. Wọ́n ti gé òkìtì jọ̀lọ́ọ̀fù kúrò nínú fọ́tò náà, ṣùgbọ́n wọn ò rántí gé ojú dòdò tó yọ létí àwo.

Ẹ ra tẹmómítà ẹran, mo bẹ̀ yín. Ẹ fi gún ibi tó nípọn jù. Tó bá ti kà 75°C, ẹran ti jinná, ẹ gbé e jáde, ẹ yé wá ẹ̀jẹ̀ kiri. Owó tẹmómítà ò tó owó gèlè tẹ́ ẹ rà fún ìnáwó òkú ẹni tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí.