Ẹ Tú Báàgì Yẹn Ká Wò Ó

Ẹni tó bá ń jápa á sọ fún yín pé iṣẹ́ lòun ń lọ ṣe. Àmọ́ tí ẹ bá tò sẹ́yìn rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, tí ẹ rí ohun tó ń jáde nínú báàgì rẹ̀, ẹ ó rò pé ìyàn ló mú ní Ìlú Ọba, tí ọba ibẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ránṣẹ́ sí ìyá Lágbájá pé kó jọ̀ọ́, kó fi èlùbọ́ gba àwọn là.

Kò sẹ́ni tí kò mọ òfin. Lọ́pọ̀ ìgbà, báàgì méjì ni, kílò 23 lọ́kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì ni Lágbájá, ẹni tó ń fi mílígíráàmù wọn oògùn fún aláìsàn láì jẹ́ kó lé. Ó gbé báàgì tiẹ̀ sórí ìwọ̀n nílé, ìwọ̀n ní 31. Ó ní ìwọ̀n yẹn ti bàjẹ́. Ó gbé e lọ sílé aládùúgbò, ó di 32. Ó ní ayé ló ń bá òun jà.

Ẹ má dá a lẹ́bi jù, màmá ló ń bá a dì í. Ohun tí ọmọ bá kó sílẹ̀ lálẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹrù ti bímọ. Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n wí o, wọn ò dárúkọ gàrí.

Irú ni olórí wọn. Wọ́n á rọ ọ́ sínú ọ̀rá, wọ́n á fi ọ̀rá mìíràn bò ó, wọ́n á fi téèpù wé e bí ẹni ń wé òkú, wọ́n á wá tẹ́ ẹ sáàárín aṣọ tí wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Irú ò gbọ́ èdè ọ̀rá. Kí ọkọ̀ tó ré kọjá Sàhárà, ó ti kí gbogbo aṣọ inú báàgì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ti bá wọn mulẹ̀. Tó bá di Mọ́ńdè, ọ̀gá òyìnbó á na ọwọ́, á ní ẹ káàbọ̀, imú rẹ̀ á sì máa béèrè ohun tí ẹnu rẹ̀ ò lè sọ.

Jákẹ́ẹ̀tì òtútù wá ńkọ́? Lágbájá gba Yaba lọ, ó tẹ̀ sórí òkìrìkà, ó bá wọn ná an títí ó fi rà á. Ẹ gbọ́ ìtàn jákẹ́ẹ̀tì náà. Òyìnbó kan ló wọ̀ ọ́ ní Manchester títí ó fi sú u, ló bá gbé e fún àwọn tó ń gba àlòkù. Wọ́n dì í ní béélì, ó wọkọ̀ ojú omi dé Kútọnu, nítorí ìjọba wa ti fòfin de àlòkù aṣọ. Ó gba ẹ̀yìnkùlé wọ Nàìjíríà láì ní físà, láì ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Lágbájá wá san owó físà, ó ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, ó ń gbé e padà lọ sí Manchester. Nínú àwọn méjèèjì, jákẹ́ẹ̀tì nìkan ló mọ ilé tó ń lọ. Tí wọ́n bá sì délẹ̀, ṣọ́ọ̀bù àlòkù wà ládùúgbò níbẹ̀, àwọn àbúrò jákẹ́ẹ̀tì ọ̀hún sì so kọ́ síbẹ̀ tí wọ́n ń retí ẹ̀gbọ́n wọn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó borí gbogbo wọn ni Tàmẹ̀dù tó ń lọ sí Norway, tó di okporoko sínú báàgì. Ẹja tí wọ́n pa ní Lofoten ní Norway níbẹ̀, tí wọ́n so kọ́ sórí igi kí afẹ́fẹ́ òtútù fi gbẹ, tó wọkọ̀ wá bá wa nílé! Tàmẹ̀dù ní òun ò fẹ́ kí àwọn ọmọ òun gbàgbé oúnjẹ ilẹ̀ wa.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ti pọ̀nmọ́. Òfin Ìlú Ọba ò fàyè gba kí èrò gbé ẹran tàbí wàrà wọlé láti Nàìjíríà, ì báà jẹ́ kílíṣí tó ti gbẹ kanrangandan. Lágbájá mọ̀, ó sì tẹ́ pọ̀nmọ́ sábẹ́ ata gígún. Aṣọ́bodè tú u, ó ní kí lèyí. Ó ní awọ ni. Awọ kí ni? Ó ní awọ bàtà. Òyìnbó wo pọ̀nmọ́, ó wo ẹsẹ̀ Lágbájá, ó ní kí ló dé tí bàtà fi wà nínú ata. Iṣu tútù pàápàá ò lè dá wọlé, àfi tó bá ní ìwé ẹ̀rí ìlera ọ̀gbìn, iṣu náà ti di ẹni tó ń wá ìwé. Àwọn tó ń lọ sí Jámánì ló ń di ẹ̀wà, bẹ́ẹ̀ ọdún 2015 ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà nítorí oògùn apakòkòrò dichlorvos tí wọ́n ń bá nínú rẹ̀. Màmá ní ẹ̀wà tòun ò ní oògùn kankan. Òótọ́ ni. Àwọn kòkòrò inú rẹ̀ wà láàyè, ara wọn le, wọ́n ń juwọ́ sí èrò.

Gbogbo wàhálà yìí, bẹ́ẹ̀ Rye Lane wà ní Peckham, Ridley Road sì wà ní Dalston, ní Lọ́ńdọ̀nù! Èlùbọ́, ẹ̀gúsí, ewédú, wọ́n wà níbẹ̀, ìyá tó ń tà á á sì bú ẹ ní Yorùbá tó dán mọ́rán tí o bá ń tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Mo gbà pé owó wọn le. Ẹni tí mo lè forí jì ni ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún lábúlé kan ní Scotland, níbi tí àgùntàn ti pọ̀ ju èèyàn lọ. Kóun di ata gígún rẹ̀ o jàre, kò wúwo, àgùntàn ò sì mọ òórùn rẹ̀.

Ẹlòmíràn fi owó ńlá ra ohun tí wọ́n fi ń pààrọ̀ ẹnu wáyà iná, ó ń gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹnu wáyà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń lò nílé, ọ̀dọ̀ wọn la ti jogún rẹ̀. Ihò ara ògiri wọn ni ihò ara ògiri wa, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé iná wà nínú tiwọn. Ẹni tó ń lọ sí Kánádà ló nílò rẹ̀, òun ni kò rà á. Ẹ̀rọ ìlọta tó ń jẹ iná 240 ló gbé dání lọ síbi tí tiwọn ti jẹ́ 120. Ata tó bá wọ ibẹ̀ ní Mọ́ńdè, ó di Ọjọ́bọ̀ kó tó kúnná.

Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí wà nínú báàgì ọwọ́, ìgò lítà kan gbáko. Àwọn elétò ààbò ní nǹkan olómi ò gbọdọ̀ ju mílílítà 100 lọ. Lágbájá ní kàkà kí òun da owó òun nù, òun á mu ún. Ó sì mu ún tán lójú wọn. Ó lé díẹ̀ ní wákàtí mẹ́fà láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ bá mi bi àwọn tó jókòó sẹ́bàá ilé ìyàgbẹ́.

Níwájú káńtà ni sípù ti ń já. Ẹni tó wọ ṣòkòtò mẹ́ta léra kí báàgì lè fúyẹ́ ń làágùn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sáré lọ ra Ghana-must-go. Báàgì yẹn náà ò ṣàì ní ìtàn. Ní 1983, nígbà tí ìjọba Shagari lé àwọn ará Gánà, àwa la dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tá a ń fi báàgì ṣe wọ́n yẹ̀yẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń sáré rà á báyìí?

Ó dáa, oúnjẹ ti wọlé. Síìmù Nàìjíríà dà? Kò wúwo tó èékánná, òun ni wọ́n fi sílẹ̀. Ó ti dọwọ́ àbúrò, tó fi ń tọrọ nọ́ńbà ọmọge. Báńkì fi kóòdù ránṣẹ́ síbẹ̀, Lágbájá dúró nínú òtútù ní Manchester, ó ń bẹ ọmọ ìyá rẹ̀ pé kó ka nọ́ńbà yẹn fóun. Àbúrò ní ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mò ń jẹun. Físà ńkọ́? Káàdì ìgbélùú BRP ti parí iṣẹ́ láti ìparí 2024, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo rẹ̀ wà báyìí. Ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀? Ọmọ ibi kọ̀ǹpútà ní àdúgbò ló bá a ṣe é, ọmọ náà sì ti kó ṣọ́ọ̀bù. Ìwé ẹ̀rí gan-an wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá, fọ́tò ìgbéyàwó tó kún álíbọ́ọ̀mù méjì ló wà nínú báàgì.

Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ nìkan ni kò gbàgbé. Òfin wọn gbà kó fi ti Nàìjíríà wa mọ́tò fún oṣù 12, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì láti ilé dé ilé sì ń fẹ́ ẹni tó mọ mọ́tò wà. Ìwé náà ń dán. Àléébù kan péré ló ní: lọ́jọ́ tó gbà á, kò sí mọ́tò kankan níbẹ̀. Wọ́n ní kó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, wọ́n ya fọ́tò, ó di awakọ̀.

Ẹ wá ṣọ́ra fún ìyá kan tó máa ń yọ sí èèyàn lálẹ́ ọjọ́ tí ọkọ̀ fẹ́ gbéra. Á mú ọ̀rá dúdú kan dání, ó ti so ó ní kókó mẹ́fà. Á ní ẹ bá òun fún ọmọ òun ní Birmingham, kò wúwo. Ẹ má ṣojú àánú, ẹ tú u, nítorí tí àwọn NDLEA tó ń wá oògùn olóró bá tú u kí ẹ tó tú u, ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé. A tú ti Lágbájá. Ẹ̀gúsí ni, singíléètì tuntun méjì, àti ìwé kékeré kan: ‘Ọmọ mi, ẹni tó gbé èyí wá fún ọ, tó bá ń bọ̀ wálé lọ́dún Kérésìmesì, fún un ní fíríìjì yẹn kó bá mi gbé e bọ̀. Mo ti rí i, ara rẹ̀ le dáadáa.’