Ìpàdé Ni Bọ̀dá Wà

Ẹ̀gbọ́n wa kan wà ní Houston tí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà máa ń gbé káàkiri Amẹ́ríkà. Bọ̀dá Ìpàdé ni mo sọ ọ́, torí ìgbàkígbà tí ìyàwó rẹ̀ bá ti pè é lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́, ìpàdé ló máa ń wà. Láìpẹ́ yìí, ilé-iṣẹ́ wọn ní kí kálukú mú ìlú tó wù ú nínú àwọn ìlú tí wọ́n ti ní oníbàárà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń du San Diego, wọ́n ń du Boston. Bọ̀dá nawọ́ sókè, ó ní Council Bluffs, ní ìpínlẹ̀ Iowa, lòun fẹ́. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú ọ̀gá wọn. Ó ní òṣìṣẹ́ tó fara rẹ̀ jìn báyìí ti wọ́n lóde.

Ọ̀gá yẹn kì í ta káàdì. Ká ní ó ń ta á ni, ì bá ti mọ̀ pé odò Missouri nìkan ló wà láàárín Council Bluffs àti Omaha, àti pé Omaha wà ní Nebraska, ìpínlẹ̀ tí òfin rẹ̀ kò fọwọ́ sí kàsínò ńláńlá títí àwọn ará ibẹ̀ fi dìbò fún un ní 2020. Ó ju ogún ọdún lọ tí ará Omaha tó bá fẹ́ dẹ́ṣẹ̀ fi ń wa mọ́tò gorí afárá, tí á lọ dẹ́ṣẹ̀ rẹ̀ ní Iowa, tí á sì padà wá sùn nínú ìwà mímọ́. Kàsínò mẹ́ta ló wà ní Council Bluffs. Google náà kọ́ ilé rẹpẹtẹ tó ń kó kọ̀ǹpútà sí síbẹ̀ o, òun sì ni Bọ̀dá máa ń dárúkọ bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé kí ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pè é ní onítẹ́tẹ́, ẹ ṣe sùúrù ná. Èmi bá a débẹ̀, mo sì fẹ́ jẹ́rìí pé kò purọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Èèyàn mẹ́sàn-án jókòó yí tábìlì ká. Ẹnì kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ ń darí ètò, ó ń pín nǹkan fún kálukú. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ títí yóò fi kàn án. Àwọn kan ń tẹ fóònù lábẹ́lẹ̀. Ojú gbogbo wọn le koko. Ọ̀rọ̀ owó ni wọ́n ń bá ara wọn fà láti ìrọ̀lẹ́ títí di òru, nígbà tí wọ́n á sì fi dìde, owó ti tán, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pàtó ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí. Bí ìyẹn kì í bá ṣe ìpàdé, a jẹ́ pé èmi ò tíì lọ sí ìpàdé rí.

Ibi tí wọ́n ń kọ́ àwọn kàsínò yìí sí ló dùn mọ́ mi jù. Ẹ fi Las Vegas sílẹ̀. Nevada ti fòfin gba tẹ́tẹ́ láti 1931, gbogbo ayé ló sì mọ̀, òṣìṣẹ́ tó bá lóun ń lọ ṣiṣẹ́ ní Las Vegas, ìyàwó rẹ̀ á bá a di ẹrù tirẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn ìlú bíi Tunica àti Biloxi ní Mississippi ni mò ń sọ, Lake Charles ní Louisiana, Hammond ní Indiana, Thackerville ní Oklahoma: orúkọ tí kò lè bí ìfura sínú obìnrin kankan. Àwọn aṣòfin ló ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Iowa máa ṣílẹ̀kùn ní 1991, wọ́n ní orí ọkọ̀ ojú omi ni kí wọ́n ti máa ta á, kí tẹ́tẹ́ kan má ju dọ́là márùn-ún lọ, kí ẹnikẹ́ni má sì pàdánù ju 200 dọ́là lọ kí ọkọ̀ tó padà sí èbúté. Ẹ̀ṣẹ̀ orí omi kì í kúkú ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ orí ilẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn létí odò Mississippi tẹ̀ lé wọn, kò sì pẹ́ tí ìrìn fi sú ọkọ̀. Ní Missouri, wọ́n gbẹ́ kòtò sẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, wọ́n fa omi sí i, wọ́n kọ́ kàsínò lé omi náà lórí, wọ́n ní ọkọ̀ ni. Ní Biloxi, kàsínò ń léfòó lórí ọkọ̀ pẹrẹsẹ létí òkun títí ìjì Katrina fi dé ní 2005, tó gbé òmíràn nínú wọn sọdá títì, tó sì jù ú sílẹ̀ gbàgà. Àwọn aṣòfin wò ó, wọ́n rí i pé Olúwa fúnra rẹ̀ ti gbé kàsínò gúnlẹ̀, ni wọ́n bá yí òfin padà: kí wọ́n máa kọ́ ọ sórí ilẹ̀, àmọ́ kó má jìnnà sí etí omi ju 800 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Láti 801 lọ sókè ni ọ̀run àpáàdì ti bẹ̀rẹ̀.

Ti àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn tó wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, yàtọ̀, mi ò sì lè fi ṣẹ̀fẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá wọn láre lórí ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ ní 1987, ìjọba àpapọ̀ ṣòfin kàsínò wọn ní 1988, nígbà tó sì di 1992, àwọn Mashantucket Pequot ti ṣí Foxwoods sínú igbó Connecticut. Àwọn Chickasaw tí wọ́n lé kúrò ní Mississippi ní nǹkan bí 1837, tí wọ́n kó lọ sí ibi tí òyìnbó rò pé kò wúlò fún nǹkan kan, àwọn ló ni WinStar ní Thackerville. Odò Red River ni ààlà wọn pẹ̀lú Texas, òfin Texas ò sì gba kàsínò ńláńlá láyè. Ẹ lọ wo ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí níbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, nọ́ńbà Texas ló kúnbẹ̀ fọ́fọ́. Ọmọ Dallas ń wakọ̀ ju wákàtí kan lọ láti lọ san owó ilẹ̀ tí bàbá bàbá rẹ̀ ò san. Bí Bọ̀dá bá pàdánù níbẹ̀, èmi kì í káàánú rẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí tábìlì. Bọ̀dá ní pókà kì í ṣe tẹ́tẹ́, pé ọgbọ́n ni, pé kò dà bí àwọn ẹ̀rọ aláriwo tó ń gbé owó àwọn ìyá àgbà mì lẹ́nu ọ̀nà. Òótọ́ ló sọ. Nínú pókà, kàsínò ò bá ẹnikẹ́ni ta nǹkan kan. Owó ìjókòó ni tirẹ̀. Nínú owó tó bá kó jọ sí àárín tábìlì, wọ́n á yọ bí ìdá kan nínú mẹ́wàá, tí kì í sábà ju dọ́là márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ. Wọ́n á tún yọ dọ́là kan tàbí méjì sí àpò ẹ̀bùn tí wọ́n ní àwọn ó fi tu ẹni tí aburú ńlá bá ṣẹlẹ̀ sí nínú. Ẹni tó jẹ á sì ju dọ́là kan sí ẹni tó ń pín káàdì. Mo jókòó lẹ́yìn Bọ̀dá, mò ń ṣírò. Ká ní dọ́là mẹ́rin péré ni wọ́n ń yọ, ká ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ́nà mẹ́ta ni wọ́n ń pín káàdì ní wákàtí kan: 120 dọ́là nìyẹn. Èèyàn mẹ́sàn-án tó gbé 200 dọ́là wá lọ́kọ̀ọ̀kan, 1,800 ni gbogbo rẹ̀. Láàárín wákàtí 15, gbogbo owó náà á ti gba ihò tábìlì lọ, kódà bí wọ́n bá gbọ́n dọ́gba-dọ́gba. Ọgbọ́n ni wọ́n ń fi wá ẹni tó máa kọ́kọ́ lọ sílé.

Àwọn wo ló wá jókòó yí i ká? Mo rò pé màá bá àwọn ọ̀jẹ̀ onítẹ́tẹ́ olójú pípọ́n níbẹ̀. Rárá o. Ẹnì kan ń ta ẹ̀rọ ìkórè àgbàdo, èkejì ń ta oògùn fún àwọn ilé ìwòsàn, ẹ̀kẹta wá yẹ ìwé owó ilé-iṣẹ́ kan wò. Kálukú ti bọ́ káàdì ìdánimọ̀ kúrò lọ́rùn, ó tì í bọ àpò, okùn rẹ̀ sì ń yọjú lápò gbogbo wọn. Bàbá méjì tó ti fẹ̀yìn tì nìkan ni ọmọ ìlú, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀. Wọ́n ń dúró kí àwọn tí ilé-iṣẹ́ fún lówó oúnjẹ parí ẹjọ́ wọn. 68 dọ́là lójúmọ́ ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kọ sílẹ̀ fún oúnjẹ àti ìnáwó kéékèèké òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó bá rìnrìn àjò lọ sí ọ̀pọ̀ ìlú, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló sì ń wo ìyẹn san tiwọn. Ohun tí Bọ̀dá ń jẹ ni oúnjẹ àárọ̀ ọ̀fẹ́ ti hòtẹ́ẹ̀lì. Mo fojú mi rí i tó fi bébà ìnuwọ́ we ẹyin sísè méjì, tó rọra sọ ọ́ sápò kóòtù. Oúnjẹ alẹ́ nìyẹn.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni éèsì méjì wọlé fún un, èyí tó lágbára jù nínú káàdì méjì tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ pín fún kálukú. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣírò ní ẹ̀ẹ̀kan nínú ìpín 221 ni, bí ẹ bá sì wo bí wọ́n ti ń pín in, ó lé ní wákàtí méje kó tó kan èèyàn lẹ́ẹ̀kan. Bọ̀dá máa wọ bàálù ní aago mẹ́fà àárọ̀. Bọ̀dá tí mo mọ̀, bí iyọ̀ bá wọ́n nínú ọbẹ̀, ojú rẹ̀ á sọ. Níbí, ó ti gbé awò dúdú sójú láti ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ ò wọ awò. Ó ń gbọ̀n, ṣípù tó mú dání sì ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Gbogbo tábìlì sọ káàdì sílẹ̀, àyàfi oníṣòwò ẹ̀rọ àgbàdo tó ní kíńgì méjì lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì ti gbogbo owó wọn síwájú. Nínú irú ìdíje báyìí, éèsì ló máa ń jẹ ní ìgbà mẹ́rin nínú márùn-ún. Wọ́n ṣí káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́. Kíńgì ló wà láàárín wọn, ti oníṣòwò náà di mẹ́ta. Méjì tó kù ò yí i padà. Ọkùnrin náà ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó kàn ní kí ọ̀rẹ́ òun má bínú, ó fi apá méjèèjì wọ́ gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Bọ̀dá ò fọhùn títí a fi dé ìdí mọ́tò. Láti ọjọ́ náà ló ti wá ń sọ ọ́. Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Houston, wọn ò tíì dárúkọ ọmọ tí Bọ̀dá ti dárúkọ káàdì kẹta.

Chris Moneymaker ló kó bá gbogbo onípókà wọ̀nyí. Akáwó ni, ará Tennessee, Moneymaker sì ni orúkọ rẹ̀ lóòótọ́, kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́. Ó fi 86 dọ́là wọlé sí ìdíje pókà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ló gbà dé ìdíje pókà àgbáyé ní Las Vegas ní 2003, ó sì kó mílíọ̀nù méjì àbọ̀ dọ́là lọ sílé. Àwọn 839 ló wọ ìdíje ọdún náà. Nígbà tó fi di 2006, wọ́n ti di 8,773, akáwó àti oníkọ̀ǹpútà sì pọ̀ nínú wọn, tí kálukú ń wo orúkọ bàbá tirẹ̀ bóyá nǹkan kan wà níbẹ̀.

Mo ti bi ọ̀pọ̀ onípókà pé báwo ni ọjà. Ìdáhùn kan náà ni: “Ó ń lọ déédéé.” Mi ò tíì rí èyí tó ní òun ń pàdánù. Gbogbo wọn wà ní déédéé, kàsínò sì ń kọ́ ilé àlejò alájà púpọ̀ mọ́ èyí tó wà tẹ́lẹ̀. Àṣé afẹ́fẹ́ ló ń sanwó bíríkì. Agbowó-orí ló wá tú u fó. Òfin tí Ààrẹ Trump buwọ́ lù ní oṣù keje 2025 ní bẹ̀rẹ̀ láti 2026, ìdá 90 nínú 100 owó tí èèyàn pàdánù nìdí tẹ́tẹ́ ni wọ́n máa gbà á láyè láti yọ kúrò nínú èyí tó jẹ. Ẹni tó jẹ 10,000 dọ́là, tó tún pàdánù 10,000, ìyẹn ẹni tó wà ní déédéé gẹ́lẹ́, máa san owó-orí lórí 1,000 dọ́là tí kò rí sójú. Mo ka òfin náà fún Bọ̀dá lórí fóònù. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní bí òun bá wò ó dáadáa, òun ti ń pàdánù ọjọ́ ti pẹ́.

Ẹ má sọ fún àbúrò rẹ̀ ní Ìbàdàn o. Ọmọ yẹn máa ń fi igba náírà ta Baba Ìjẹ̀bú lọ́sẹ̀, Bọ̀dá sì ti lérí pé òun ò ní fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí i mọ́ títí yóò fi jáwọ́ nínú tẹ́tẹ́. Mo gbọ́ ohùn tó gbà sílẹ̀ fún un lórí WhatsApp. Ìwàásù gidi ni, ó ń bani lẹ́rù. Ẹni bá tẹ́tí dáadáa ló máa gbọ́ ṣípù lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, àti ẹnì kan tó ń pe Bọ̀dá pé ó ti kàn án.

Ní báyìí, iṣẹ́ ti yọ ní Salt Lake City, ní ìpínlẹ̀ Utah, ilé-iṣẹ́ sì ní kò sẹ́ni tó yẹ kó lọ bí kò ṣe òṣìṣẹ́ tó fara rẹ̀ jìn. Utah ò gba tẹ́tẹ́ kankan láyè, kódà lọ́tìrì kò sí níbẹ̀. Ìyàwó Bọ̀dá fi ọrẹ ìdúpẹ́ sínú àpótí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi gan-an mura láti lọ bá a kẹ́dùn, àfi bó ṣe pè mí lálẹ́ àná tí ohùn rẹ̀ ń dún bí agogo. Ó ní ìlú kan wà tó ń jẹ́ West Wendover, pé Nevada ni, àmọ́ ẹnu ààlà Utah gẹ́lẹ́ ló wà, kò ju wákàtí méjì lọ lórí títì márosẹ̀. Ó ti kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ pé kí wọ́n háyà mọ́tò fún òun, torí oníbàárà pàtàkì kan wà lẹ́yìn odi ìlú tó jẹ́ pé alẹ́ nìkan ló máa ń ráyè.